Ìwé Owó Ìgbọ́kọ̀sí: Ẹ Má Bẹ̀rù Rẹ̀, Ẹ Má sì Jù Ú Nù

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Libreville, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gabon. Ìyá kan ló kọ ọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tajà ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Louis, níbi tí ilé oúnjẹ àti ilé fàájì pọ̀ sí. (Ọba Mpongwe kan tó fọwọ́ sí ìwé fún àwọn Faransé ní ọdún 1842 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àdúgbò náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìwé kò ṣàjèjì níbẹ̀.) Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìyá náà kọ kì í ṣe ti Gabon. Ti ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni.

Ọmọ náà gbé mọ́tò rẹ̀ síwájú àwọn ilé ìtajà ńlá kan, níbi tí wọ́n ti fún àwọn oníbàárà ní wákàtí méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wọlé lọ ra nǹkan, ó sì fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kọjá àkókò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà dé: kó san 100 pọ́n-ùn, bó bá sì tètè san án láàárín ọjọ́ 14, 60 pọ́n-ùn ni wọn yóò gbà. Ọmọ ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, oorun sì dá lójú ìyá. Wọ́n ṣírò 100 pọ́n-ùn sí owó CFA, wọ́n rí i pé ó lé ní 70,000. Síbẹ̀, kì í ṣe owó náà gan-an ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ìwé ìgbélùú ọmọ náà kò tí ì parí, wọ́n sì ń rò ó pé ọlọ́pàá yóò tìtorí ọ̀rọ̀ mọ́tò wá mú un, pé wọn yóò dá a padà sílé. Ẹ̀gbọ́n kan ní Peckham ní kí ọmọ náà ya ìwé náà sọ nù, pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kó sáré san án. Ìyá wá ń béèrè pé ta ni kí àwọn gbọ́ tirẹ̀.

Kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ti ìwé náà fúnra rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kí ọmọ náà gbé ìwé náà sí ìmọ́lẹ̀, kó wo ẹni tó kọ ọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́pàá lè fún ènìyàn ní ìwé nítorí ibi tó gbé ọkọ̀ sí. Ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní council, náà lè fún un. Penalty Charge Notice ni àkọlé tirẹ̀, òfin ìjọba ló sì gbé e dúró. Ìkẹta ni èyí tí ilé-iṣẹ́ aládàáni ń kọ fún ẹni tó gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìjọba. Parking Charge Notice ni wọ́n ń pe òun. Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe jọra: P, C, N ni ìgékúrú orúkọ ọ̀kan, P, C, N náà ni ti èkejì. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún mi pé èèṣì ni, n kò ní gbà.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kì í ṣe kékeré. Ìjọba lè bu owó ìtanràn lé ènìyàn lórí nítorí pé òfin fún un lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ nínú ìwé rẹ̀ ni pé ìwọ àti òun jọ ṣe àdéhùn, o yẹ àdéhùn, nítorí náà o jẹ òun ní gbèsè. Ìgbà wo wá ni ọmọ náà bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn, nígbà tí kò rí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Bí ènìyàn bá jókòó ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu, tí wọ́n gbé agbè síwájú rẹ̀, tó sì mu, kò sí ẹni tó kọ ìwé, kò sí ẹni tó búra, síbẹ̀ ó ti jẹ owó ẹmu. Bẹ́ẹ̀ ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe wo ọ̀rọ̀ yìí. Pátákó tó wà níbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀: wákàtí méjì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ yóò san iye báyìí. Ẹni tó rí pátákó náà, tó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó ti gbà.

Nítorí náà, ìyá wa ní Louis, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ti ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ gbèsè láàárín ẹni méjì ni, kì í ṣe ẹ̀sùn ọ̀daràn. Kò sí ọlọ́pàá tí yóò tìtorí rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ìwé yìí nìkan kò sì lè lé ẹnikẹ́ni kúrò nílùú. Ibi tí ewu wà yàtọ̀ sí ibi tí ẹ rò pé ó wà, n óò débẹ̀ láìpẹ́.

Ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n Peckham yẹn, mo mọ ibi tó ti wá. Ó ní ìgbà tó bá a mu, ìgbà náà ti kọjá lọ. Láyé àtijọ́, irin ni àwọn onílẹ̀ ń lò. Wọn yóò fi irin kan de ẹsẹ̀ mọ́tò, ìwọ yóò sì dúró nínú òjò títí ìwọ yóò fi sanwó kí wọ́n tó tú u. Ní ọdún 1995, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ kan tó ti ìlú Truro wá. Wọ́n de mọ́tò ọkùnrin kan, wọ́n ní kó san 40 pọ́n-ùn. Ó kọ̀, ó padà wá lóru, ó sì gbé mọ́tò rẹ̀ lọ tòun tirin. Àwọn adájọ́ sọ pé ẹni tó bá ti rí pátákó tó kìlọ̀ pé wọn yóò de mọ́tò, tó tún gbé tirẹ̀ síbẹ̀, òun ló gbà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Scotland ti gba ọ̀nà mìíràn lọ ṣáájú: ní ọdún 1992, ilé-ẹjọ́ wọn sọ pé kí aládàáni máa de mọ́tò olówó mọ́lẹ̀ láti fi gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ìwà ọ̀daràn ni.

Ọ̀rọ̀ irin yìí di ariwo títí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi dá sí i. Òfin kan jáde ní ọdún 2012, Protection of Freedoms Act ni orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún náà, dídè mọ́tò lórí ilẹ̀ aládàáni di ẹ̀ṣẹ̀ ní England àti Wales, àfi ẹni tí òfin bá fún láṣẹ. Inú àwọn onímọ́tò dùn. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni kó má fi tòsì gbà nǹkan kan. Kí òfin yìí tó dé, ẹni tó wa ọkọ̀ nìkan ni ilé-iṣẹ́ lè bá ṣẹjọ́, wọn kò sì mọ ẹni tó wà á. Onímọ́tò yóò kàn dákẹ́, ọ̀rọ̀ yóò sì kú síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n wa wúlò. Òfin 2012 sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bá tẹ̀ lé àwọn ìlànà kan, wọ́n lè gba owó náà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n forúkọ mọ́tò sí, ìbáà má jẹ́ òun ló wà á.

Ẹjọ́ tó wá pa ìmọ̀ràn náà pátápátá ni ti Barry Beavis, ọkùnrin kan tó ń ta ẹja dindin àti ọ̀dùnkún dindin. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, ó gbé mọ́tò rẹ̀ sí ọgbà ìtajà Riverside ní ìlú Chelmsford. Wákàtí méjì ni wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó fi ìṣẹ́jú 56 kọjá rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ParkingEye ní kó wá san 85 pọ́n-ùn. Beavis kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òfin àdéhùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí ẹnì kan máa fi àdéhùn fìyà jẹ ẹnì kejì: ohun tí ènìyàn bá pàdánù ni kó gbà padà, kí ló wá pàdánù níbi tí ìgbọ́kọ̀sí ti jẹ́ ọ̀fẹ́? Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ yẹn, ó sì gbé e dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá ọdún 2015, adájọ́ méje dá ẹjọ́ náà, mẹ́fà dá Beavis lẹ́bi, ọ̀kan ṣoṣo, Lord Toulson, ló ta kò wọ́n.

Ìdí tí wọ́n fi dá a bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká mọ̀, nítorí inú rẹ̀ náà ni ọ̀nà àbáyọ fún ẹlòmíràn wà. Wọ́n ní àwọn onílé ìtajà ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ kí àyè ìgbọ́kọ̀sí máa ṣí sílẹ̀ fún oníbàárà mìíràn, kí ẹnì kan má gbé mọ́tò síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní 85 pọ́n-ùn kò pọ̀ jù fún irú èyí. Wọ́n sì ní nǹkan bí ogún pátákó ló wà nínú ọgbà náà, gàdàgbà gàdàgbà, tí iye owó náà hàn lójú wọn kedere. Ohun kan tún jáde nínú ẹjọ́ náà tó jẹ́ kí n mi orí: ParkingEye ló ń san 1,000 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀ fún onílẹ̀ kó lè máa ṣọ́ ọgbà náà, láti inú owó tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó pẹ́ jù ló sì ti ń rí i san. Ẹ̀yin ẹ wo irú òwò yẹn: ẹ̀ṣọ́ ló ń sanwó fún ẹni tó ní kó wá ṣọ́ ilẹ̀!

Ó hàn nígbà náà pé gbogbo agbára ilé-iṣẹ́ náà, orí pátákó ló dúró lé. Àwa Yorùbá kò nílò kí adájọ́ Òyìnbó kọ́ wa nípa èyí. Láyé àwọn baba wa, ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan igi rẹ̀ tàbí ẹrù rẹ̀ yóò so ààlè mọ́ ọn, àkísà ni o, ìkarahun ìgbín ni o. Ibi tí gbogbo ojú yóò ti rí i ló ń so ó sí. Ẹni tó fi ààlè pa mọ́ sábẹ́ ewé, pàkúté ló ń dẹ. Òfin Gẹ̀ẹ́sì gba ohun kan náà gbọ́. Ní ọdún 1970, ẹjọ́ ọ̀gbẹ́ni Thornton, afọnfèrè kan tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ilé ìgbọ́kọ̀sí ní Shoe Lane ní Lọ́ńdọ̀nù, dé iwájú Lord Denning. Ẹ̀rọ fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, ó farapa nínú ilé náà, àwọn onílé sì ní tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé ó wà lábẹ́ òfin tí àwọn lẹ̀ mọ́ ògiri nínú lọ́hùn-ún. Ilé-ẹjọ́ ní ó ti pẹ́ jù: nígbà tí ẹ̀rọ ti gba ọkùnrin náà wọlé ni àdéhùn ti parí, ẹnikẹ́ni kò lè tún fi ẹsẹ̀ kún un lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2000 ẹ̀wẹ̀, obìnrin kan tó ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, tí èébì gbé, yà sórí ilẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù láti bì. Kó tó padà dé, wọ́n ti de mọ́tò rẹ̀. Mọ́tò ńlá kan ló dúró bo pátákó náà lójú. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kò rí pátákó, kò gba nǹkan kan, kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà.

Nítorí náà, kí ọmọ náà padà lọ sí ọgbà yẹn, kó lọ ní irú àkókò tó lọ lọ́jọ́ sí. Bó bá jẹ́ alẹ́ ni, kó lọ lálẹ́. Ǹjẹ́ pátákó wà lẹ́nu ọ̀nà? Ǹjẹ́ iná wà lára rẹ̀? Ṣé ènìyàn tó jókòó sínú mọ́tò lè ka iye owó náà, àbí ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà? Kó ya fọ́tò gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn pátákó, ọjọ́ ló kàn. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà ló ka nọ́ńbà mọ́tò, tí wọn kò lẹ ìwé mọ́ gíláàsì, ìwé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n forúkọ mọ́tò sí láàárín ọjọ́ 14 sí ìgbà tó gbé ọkọ̀ síbẹ̀. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù, ìwé gbọ́dọ̀ dé kó tó kọjá ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí wọ́n bá ti lẹ ìwé mọ́ gíláàsì tẹ́lẹ̀, ìwé tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sílé kò gbọ́dọ̀ dé ṣáájú ọjọ́ 29, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 56. Bí wọ́n bá ṣi ọjọ́ yìí, tàbí tí ìwé wọn kò sọ àwọn ohun tí òfin ní kó sọ, ẹni tó wa ọkọ̀ nìkan ni wọ́n tún lè mú. Òfin kò sì fi dandan lé e pé kí ẹni tó ni mọ́tò dárúkọ awakọ̀ fún ilé-iṣẹ́ aládàáni. N kò ní kí ẹnikẹ́ni purọ́ o. Dídákẹ́ lórí ohun tí òfin kò béèrè lọ́wọ́ ẹni yàtọ̀ sí irọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀wé fi ń kọ lẹ́tà wọn ní orúkọ ẹni tó ni mọ́tò, tí wọn kì í kọ ọ́ pé “mo gbé mọ́tò mi síbẹ̀.” Àwọn èèyàn wa, àlàyé ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti ìlà kìíní: mo dé, mo wọlé, mo pàdé ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n á ti fi ẹnu ara wọn dá ẹjọ́ náà.

Ti ọmọ ìyá wa dé ní ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ilẹ̀kùn ọjọ́ ti tì mọ́ ọn.

Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà ta kò ó nìyí. Kó kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá ilé ìtajà tó ti ra nǹkan, kó mú rìsíìtì rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ilé ìtajà lè ní kí wọ́n fagi lé e, nítorí oníbàárà ni wọ́n ń wá, wọn kò wá ìjà. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ 28. Bó bá kọ ọ́ kí ọjọ́ 14 àkọ́kọ́ tó pé, tí wọ́n sì kọ̀ ọ́, ìlànà wọn ní kí wọ́n tún fún un ní ọjọ́ 14 mìíràn láti san iye tó dín kù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ó lè gbé e lọ sọ́dọ̀ onílàjà. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ BPA, POPLA ni onílàjà wọn, ọjọ́ 28 ló ní láti kọ̀wé síbẹ̀, kò sì ní san kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ IPC, IAS ni tiwọn. Ohun tí POPLA bá sọ de ilé-iṣẹ́, kò de onímọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ onílàjà tí kò jàre lè pàdánù ẹ̀dínwó yẹn, kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó lọ.

Àwọn ìdí kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìlànà tí ẹgbẹ́ méjèèjì jọ gbé jáde ní ọdún 2024 ní kí wọ́n fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tí àkókò rẹ̀ bá pé. Ẹni tó sanwó ṣùgbọ́n tó ṣi lẹ́tà kan tẹ̀ nínú nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀, tó tẹ òdo dípò O, wọ́n gbọ́dọ̀ fagi lé tirẹ̀. Ẹni tó dúró sílẹ̀kùn ilé tó ń gbé láti já ẹrù, kó rántí pé ní ọdún 2016 adájọ́ kan ní Oxford sọ pé jíjá ẹrù kì í ṣe ìgbọ́kọ̀sí. Tábìlì ni obìnrin tí wọ́n mú níbẹ̀ ń gbé wọlé. Ẹni tó jẹ́ abirùn, òfin ọdún 2010 tó dá ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ró ní kí wọ́n ro ti ipò rẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ “n kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ ibẹ̀”, “ìyà ń jẹ mí”, “ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí”, ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo ìyẹn, wọ́n sì lè gbà á tàbí kí wọ́n má gbà á.

Bí mo ṣe wo ti ọmọ yìí, bí pátákó bá hàn kedere, tó sì jẹ́ pé ogójì ìṣẹ́jú ló fi kọjá, kó bẹ ọ̀gá ilé ìtajà, bí ìyẹn kò bá gbà, kó san 60 pọ́n-ùn náà, kó lọ sùn. Bí pátákó kò bá hàn, kó jà.

Ibi tí mo ní ewu wà nìyí, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá ju ìwé náà nù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn agbowó-gbèsè. Wọ́n lè fi 70 pọ́n-ùn kún un. Lẹ́tà wọn a máa le bí ẹni pé ogun ti dé. Àwọn àgbà wa mọ ológò, ẹni tí olówó ń rán lọ jókòó sílé onígbèsè, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa pa adìyẹ ilé jẹ títí wọn yóò fi sanwó. Agbowó-gbèsè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tó ológò. Kò lè wọlé, kò lè gbé àga, àfi ariwo lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá wá dé tó ní àwọn fẹ́ pe ẹjọ́, tó fún ènìyàn ní ọjọ́ 30 láti fèsì, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìwé kóòtù tó bá tẹ̀ lé e, ọjọ́ 14 ni òfin fún ènìyàn láti dá a lóhùn. Bó bá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé òun ti rí i gbà, ó di ọjọ́ 28. Ẹni tó bá dákẹ́, kóòtù yóò dá ẹjọ́ náà láìrí ojú rẹ̀. Bí kò bá san án láàárín oṣù kan, orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú ìwé onígbèsè fún ọdún mẹ́fà. Báńkì kò ní yá a lówó ilé, ẹni tó ń háyà ilé lè kọ̀ ọ́, ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù sì tó lè wá wo ẹrù rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè pé kí ènìyàn di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń béèrè bóyá kóòtù ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Gbèsè 60 pọ́n-ùn tí ènìyàn fi ṣeré ló dé ibẹ̀ yẹn.

Àwọn èèyàn wa tó bọ́ sí èyí, púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ rí ìwé kankan. Wọ́n ti kó kúrò ní Peckham lọ sí Thamesmead, wọ́n gbàgbé láti sọ fún DVLA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú orúkọ àwọn onímọ́tò. Ìwé ń lọ sí ilé àtijọ́, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ń dà á sínú ìdọ̀tí. Ọjọ́ tí wọ́n lọ yá owó ilé ni wọ́n tó gbọ́. Ènìyàn lè bẹ kóòtù pé kó pa irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́, àmọ́ owó tí yóò san láti bẹ̀bẹ̀ nìkan ju 300 pọ́n-ùn lọ.

DVLA yìí kan náà ló ń ta àdírẹ́ẹ̀sì fún àwọn ilé-iṣẹ́ náà, 2.50 pọ́n-ùn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ní èrè kọ́ ni àwọn ń jẹ. Láàárín ọdún 2018 sí 2019, nǹkan bí 6.8 mílíọ̀nù ìgbà ni wọ́n béèrè. Láàárín 2023 sí 2024, ó ti di 12.8 mílíọ̀nù. Àwọn aṣòfin rí i, wọ́n ṣe òfin ní ọdún 2019 pé kí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ ìlànà tí yóò de àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Ìjọba kọ ọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2022, wọ́n ní 50 pọ́n-ùn ni kí ọ̀pọ̀ rẹ̀ má kọjá lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ilé-iṣẹ́ gbé wọn lọ sí kóòtù, ní oṣù Kẹfà ọdún náà ìjọba kó ìwé rẹ̀ padà sápò. Àwọn ilé-iṣẹ́ wá kọ ìlànà tiwọn fún ara wọn. Ní ọdún 2024, wọ́n ní kí obìnrin kan ní Derby wá san 1,906 pọ́n-ùn nítorí pé ó máa ń pẹ́ ju ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó lè sanwó lórí fóònù níbi tí fóònù kò ti ṣiṣẹ́ dáadáa. Ariwo sọ, wọ́n fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn, wọ́n sì tún ìlànà yẹn ṣe ní oṣù Kejì ọdún 2025. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, ìjọba tún ní kí aráàlú wá sọ èrò wọn lórí ìlànà tuntun. Ẹni tó bá ń gba ìwé báyìí, kó wo ìlànà tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé ọkọ̀ síbẹ̀.

Òfin ọdún 2012 tí mo ti ń sọ látàárọ̀, ti England àti Wales ni. Kò dé Gabon, kò sì dé Nàìjíríà. Ẹni tí wọ́n bá dá dúró níwájú ilé oúnjẹ ní Louis tàbí ní Ìkẹjà, òfin ibẹ̀ ni kó bi wọ́n. Ìbéèrè kan ṣáá ni kò yàtọ̀: ta ló fún ọ láṣẹ láti gbowó yìí? Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá bi àwọn VIO ní ìbéèrè yẹn, adájọ́ sì ní òun kò rí òfin tó ní kí wọ́n máa dá mọ́tò dúró tàbí kí wọ́n máa bu owó ìtanràn léni lórí.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ní ìsinmi láti ilé, tí wọ́n ń háyà mọ́tò. Ìwé owó yóò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni mọ́tò náà, yóò fi orúkọ yín ránṣẹ́, tàbí kó san án kó sì yọ ọ́ nínú káàdì báńkì yín, tòun ti owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ ka ìwé àdéhùn wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ gbé ẹni tó ń wọ bàálù ní Heathrow sílẹ̀, láti oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé mọ́tò dé iwájú ilé ìwọkọ̀ òfurufú níbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò dá yín dúró gbà á. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà yín, ẹ̀yin lẹ ó fúnra yín sanwó kí aago méjìlá òru ọjọ́ kejì tó lù.